Ọkọ́, Ebè àti Ẹ̀yìn Àgbẹ̀ ní Ìgànná

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí wọ́n ń wí níbẹ̀ ni ohun tí ó ti kọjá, èyí tí àwa ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mìíràn wà tí ìtàn rẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé tí a ń kà: ẹ̀yìn àgbẹ̀, tí ó ń tẹ̀ kí àwa lè jẹun. A ti ka ìtàn ọba, a ti ka ìtàn ogun. A mọ ẹni tí ó tẹ ìlú kan dó, a sì mọ ẹni tí ó fọ́ òmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi wá léèrè pé báwo ni àwọn tí ń bọ́ ọba àti ọmọ ogun ṣe ń fi ẹ̀yìn kan ṣoṣo ro oko fún ogójì ọdún, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń rìn ní ìnàró di ọjọ́ ogbó, mo bẹ̀rù pé a ó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí, níwọ̀n bí mo ti mọ̀ ọ́n mọ.

Ìgànná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì gbé dàgbà kí n tó wá sí yunifásítì. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, kí ó gba Ìsẹ́yìn kọjá, kí ó dorí kọ ìhà ìwọ̀-oòrùn bí ẹni tí ń lọ sí ààlà orílẹ̀-èdè Benin. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Koríko ibẹ̀ ga, igi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣú bí ti igbó Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó, igi emì àti igi igbá sì dúró káàkiri oko. Òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, a sì dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù kẹwàá. Nínú oṣù díẹ̀ wọ̀nyí ni a ní láti gbin àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti ẹ̀gẹ́. Kí a ro oko lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Kí a sì kọ ebè iṣu kí ilẹ̀ tó gbẹ tí yóò fi le bí àpáta. Òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ oko lọ́dọ̀ wa fi jẹ́ iṣẹ́ àkókò, tí ẹ̀yìn ènìyàn fi ń ru láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ohun tí ìbá rù jẹ́jẹ́ láàárín ọdún kan.

Ohun tí ó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, mo lọ lo ìsinmi ní ilé, mo sì bá bàbá mi lẹ́nu ebè kíkọ. Mo ní kí ó jókòó, kí ó jẹ́ kí n fi hàn án pé ìwé kò tíì sọ mí di ọ̀lẹ. Mo gba ọkọ́ ńlá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, n kò sì gbé orí sókè títí oòrùn fi gun àtàrí. Mo ka ọgọ́ta ebè. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ nàró, ẹ̀yìn mi kọ̀ jálẹ̀. Ó há sí ibi tí ó tẹ̀ sí, bí ilẹ̀kùn tí òjò ti wú. Bàbá bàbá mi, tí ó jókòó sí abẹ́ igi emì tí ó ń wò mí láti àárọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó ń lé ọ?"

Mo ní, "Baba, kò sí ẹni tí ó ń lé mi. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yá ni."

Ó ní, "Bí kò bá sí ẹni tí ń lé ọ, èé ti ṣe tí o kò nàró?"

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ń rìn bí akàn. Nínú ọjọ́ mẹ́fà náà ni mo sún mọ́ bàbá àgbà, tí mo sì lọ bá alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa, tí mo ń bi wọ́n léèrè ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó di ọkọ́ mú.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ́ fúnra rẹ̀. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ọkọ́ àti àdá ni gbogbo irinṣẹ́ àgbẹ̀ wa, àti pé ilé ni a ti ń rọ wọ́n. Òótọ́ ni. Kí irin òkèèrè tó di ọ̀pọ̀, àwọn baba wa ń yọ irin láti inú òkúta. Ní ọdún 1904, òyìnbó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa ibi tí ó ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń fi ìléru yọ irin ní Ola-Igbi, nítòsí Ọ̀yọ́. Ìléru wọ̀nyẹn ti kú, nítorí irin ọkọ̀ ojú omi pọ̀, ó sì rọrùn láti rà. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ kò kú. Irin ara ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ ni alágbẹ̀dẹ tiwa ń fi iná yọ́, tí ó fi ń rọ ọkọ́ títí di òní.

Mo bi í léèrè ìdí tí igi ọkọ́ fi kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tí ń wo ọmọ tí ó béèrè ìdí tí omi fi tutù. Ó wá ṣàlàyé pé ẹni tí ń kọ ebè ń gbé ọkọ́ sókè, ó ń sọ ọ́ wọ ilẹ̀, ó sì ń fa yẹ̀pẹ̀ bọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí igi bá gùn jù, irin ńlá náà yóò máa fẹ́ já gbà lọ́wọ́ ẹni, apá yóò sì tètè kú. Bí ó bá kúrú jù, ìbàdí ni yóò san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà ọkọ́ ebè ní ìwọ̀n tirẹ̀, ọkọ́ tí a fi ń ro oko ní tirẹ̀, ti ọmọdé sì yàtọ̀ sí ti bàbá rẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá wá ra ọkọ́ lọ́dọ̀ òun, ohun tí òun kọ́kọ́ ń béèrè ni ẹni tí yóò lò ó. Ẹni gígùn tí ó bá mú ọkọ́ ẹni kúkúrú lọ sí oko ti ra àìsàn bọ̀. Mo rántí pé ọkọ́ bàbá mi ni mo fi kọ ọgọ́ta ebè mi, mo sì fi nǹkan bí ìka mẹ́rin ga jù ú lọ.

Bàbá àgbà ní tirẹ̀ kọ́ mi ní ìdúró. Ó ní kí n ya ẹsẹ̀, kí n ti ọ̀kan síwájú, kí n tẹ orúnkún díẹ̀, kí n wá tẹ̀ láti ìbàdí, kí n má ṣe ká ẹ̀yìn bí ìgbín. Bí oko ríro bá ni, kí n gbé ìgbọ̀nwọ́ òsì lé orí itan, kí itan lè bá ẹ̀yìn ru orí àti àyà. Bí ọwọ́ ọ̀tún bá ti ṣe díẹ̀, kí n gbé ọkọ́ sí òsì. Ẹni tí kò bá lè fi ọwọ́ méjèèjì roko, àbọ̀ àgbẹ̀ ni. Bí mo bá dé òpin poro kan, kí n nàró, kí n fi ọwọ́ méjèèjì ti ìbàdí, kí n wo ojú ọ̀run, kí n tó padà. Gbogbo èyí kò gbà ju ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mu omi lọ. Èmi kò ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọgọ́ta ebè.

Nígbà náà ni mo wá rí i pé kì í ṣe nítorí ìṣirò nìkan ni àwọn àgbà fi ń ka ebè. Gbogbo wa mọ òwe ẹni tí ó kọ ọgọ́rùn-ún ebè tí ó ní igba ni òun kọ, tí yóò jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, tí yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Òtítọ́ ni òwe náà ń kọ́ wa. Ṣùgbọ́n iye tí a dá fún iṣẹ́ jẹ́ òpin fún iṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti kọ iye tí ó dá fún àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti parí. Oòrùn ọ̀sán kò gbọdọ̀ bá a lórí ebè. Àárọ̀ kùtù ni a ń lọ, abẹ́ igi ni a ń wà ní ọ̀sán, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ a ó tún ṣe díẹ̀, iṣẹ́ mìíràn tí ó yàtọ̀ sí ti àárọ̀: èso ṣíṣà, okùn líló, ẹ̀gúsí pípa ní ìjókòó.

Àárò tún wà. Ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún tàbí mẹ́fà a para pọ̀. Lónìí wọn a ṣe oko ti èyí, ní ọ̀la wọn a ṣe ti ìyẹn. Bí ìyàwó bá ti wọlé ẹni, ọ̀wẹ̀ àna ń bẹ níbẹ̀, tí ọkọ ìyàwó yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí oko bàbá ìyàwó. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa àárò a máa yìn ín nítorí ìṣọ̀kan, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà sọ fún mi pé orin ni ó fẹ́ràn jù níbẹ̀, nítorí orin ni ó ń fún ọkọ́ ní ìwọ̀n ìyára. Ẹni tí ó lágbára kò lè sáré fi ẹni tí kò lágbára sílẹ̀, nítorí orin kan náà ni wọ́n jọ ń gbè. Bí ẹni tí ń dá orin bá sì nàró láti mí, gbogbo wọn a nàró.

Ti ẹrù pẹ̀lú ní òfin. Kò sí ọmọ Òkè-Ògùn tí kò mọ ọ̀rọ̀ méjì yìí: "Ẹ rù mí" àti "Ẹ sọ̀ mí." Ẹni tí yóò ru iṣu kì í dá a gbé láti ilẹ̀ dé orí, ẹlòmíràn ni ó ń bá a gbé e, ẹlòmíràn ni ó sì ń bá a sọ̀ ọ́ bí ó bá dé ilé. Bí ó bá ti dé orí, tí òṣùká sì wà lábẹ́ rẹ̀, ọrùn àti ẹ̀yìn a dúró ṣánṣán. Gbígbé láti ilẹ̀ ni ewu rẹ̀ wà, ibẹ̀ gan-an ni àṣà sì ti fi ènìyàn kejì sí. Ní alẹ́, ìyá àgbà a gbé omi gbígbóná kaná, a sì fi òrí ra ẹ̀yìn fún ẹni tí ó bá ń ro. Òrí kò wọ́n wa. Igi emì ni ó kún oko wa.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé kò sí ẹ̀yìn ríro láyé àtijọ́. Mo mọ àwọn àgbà tí wọ́n fi ọ̀pá rìn kí wọ́n tó pé ọgọ́ta ọdún, tí ẹ̀yìn wọn tẹ̀ tí kò nàró mọ́. Wọ́n ní làkúrègbé ni, wọ́n sin gbẹ́rẹ́, wọ́n de ìgbànú mọ́ ìbàdí, kò sì sàn. Ohun tí mo ń wí ni pé àwọn baba wa mọ̀ pé ẹ̀yìn ní ìwọ̀n, wọ́n sì fi ìwọ̀n náà sínú àṣà, tí ẹni kọ̀ọ̀kan kò fi ní láti dá a rò.

Ìwọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn di ẹni tí ń lé àgbẹ̀. Ní ìkọjá ààlà wa, ní ilẹ̀ Dahomey tí àwọn Faransé ń ṣe àkóso, a fi tipátipá kó àwọn ènìyàn lọ ṣe ọ̀nà àti iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó, fi hàn bí àwọn Yorùbá ìhà ibẹ̀ ṣe ń kọjá sí ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì láti sá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1946 ni òfin Faransé tó fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Ọkọ́ tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn dì mú lójú ọ̀nà kò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n dì mú ní oko bàbá wọn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé wọn kò lè nàró nígbà tí ó wù wọ́n.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìyípadà wá ní ọ̀nà rere. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ti ọjọ́ náà, bóyá èmi kò ní wà ní ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n ìtàn ní láti sọ ohun tí ó wà ní ìdàkejì pẹ̀lú. Ọmọ tí ó lọ sí ilé-ìwé ni ó ti máa ń tu koríko ìdí iṣu, òun ni ó ti máa ń rù, òun ni ó ti máa ń sọ̀. Nígbà tí ó lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Ó kù sí ẹ̀yìn bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìjọba mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ń sá fún ọkọ́, ó sì dá ìletò àgbẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1959, gẹ́gẹ́ bí ti Ìlọrà àti Erúwà, pẹ̀lú ìrètí pé ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́. Ní 1982 a tún dá ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Ṣakí fún gbogbo àríwá Ọ̀yọ́. Katakata wá, ó sì ń túlẹ̀ fún ẹni tí ó bá lówó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí katakata bá ti túlẹ̀ tán, ọwọ́ ni ó tún ń kọ ebè ní ọ̀pọ̀ oko wa.

Lónìí, àárò ti ń kú. Alágbàṣe ni a ń gbà, púpọ̀ nínú wọn láti ìkọjá ààlà Benin, iye ebè ni a sì fi ń san owó wọn. Ẹ wo bí ayé ti yí: iye tí ó jẹ́ òpin fún baba wa ti di pàṣán fún alágbàṣe, nítorí bí ó bá ti kọ ebè sí i ni owó rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ ro oko a ra oògùn apakoríko. Ó gbé ọkọ́ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé agbè oògùn kọ́ ẹ̀yìn. Bí agbè náà bá gba omi lítà 16, kílò 16 ni ó ń gbé rìn láìka ìwọ̀n agbè náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú májèlé tí ó lè kán sí i lára.

Mo fẹ́ kí a wo òkèèrè díẹ̀, kí a má ba à rò pé tiwa nìkan ni. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ oko, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Mexico, a máa lo ọkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní "el cortito," ìyẹn ni ọkọ́ kúkúrú. Àwọn olóko ní òun ni ó dára jù fún irúgbìn tuntun, nítorí ẹni tí ń lò ó wà nítòsí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ mọ ìdí mìíràn: ọ̀gá tí ó dúró ní etí oko lè rí ẹni tí ó bá nàró lójú kan náà, ó sì mọ̀ pé onítọ̀hún kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn púpọ̀ bàjẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ àti agbẹjọ́rò wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà, ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1975, ilé-ẹjọ́ sì dá wọn láre. Ó ní irinṣẹ́ lè jẹ́ ewu nítorí ọ̀nà tí a fi ń lò ó, bí kò tilẹ̀ ní àbùkù lára. Kí ọdún náà tó parí, a fi òfin de ọkọ́ kúkúrú. Àwọn olóko lo ọkọ́ onígi gígùn, oko wọn kò sì parun.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí, ìbéèrè bàbá àgbà padà sí mi lọ́kàn. Ọkọ́ wọn kúrú, tiwa náà kúrú. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Ìgànná tí ó wà ní oko tirẹ̀ lè nàró ní òpin poro, kí ó wo ọ̀run. Ẹni ti California kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ náà kò sùn. Láti ọdún 1700 ni Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Italy, ti kọ odindi ìwé lórí àìsàn tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń fà, tí ó sì gba àwọn oníṣègùn nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa bi aláìsàn léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ní àwọn ọdún 1960, Alf Nachemson ní Sweden fi abẹ́rẹ́ wọn agbára tí ń tẹ ìrọ̀rí tí ó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, ó sì rí i pé ó pọ̀ sí i bí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú ju ìgbà tí ó bá nàró lọ. Ní 1966 Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tí ń fi ìdárayá àti ọwọ́ wo irú àìsàn báyìí. Ní 1967 Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbà pé kí ẹrù tí ọkùnrin kan ń dá gbé má ṣe ju kílò 55 lọ. Àpò gàrí mélòó ni ó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjà wa! A sì ti ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, mílíọ̀nù 619 ènìyàn ni ìbàdí ń dùn ní gbogbo ayé. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìmọ̀ràn rẹ̀ jáde ní 2023 fún ẹ̀yìn ríro tí kò tètè lọ, ó fọwọ́ sí ìdárayá, ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ara àti ara fífi ọwọ́ ra. Kò fọwọ́ sí ìgbànú. Nítorí náà ọwọ́ ìyá àgbà gba àmì, ìgbànú bàbá àgbà kò gbà á. Bí ó ti yẹ kí ìmọ̀ rí nìyẹn: kí a má gba gbogbo ohun àtijọ́, kí a má sì kọ gbogbo rẹ̀.

Kí ni ó kù fún wa láti ṣe? Ẹni tí ó bá ń lọ sí ilé nígbà òjò, kí ó lo ọkọ́ tí ó bá ìdúró rẹ̀ mu. Fún oko ríro, kí ó bá alágbẹ̀dẹ sọ̀rọ̀ nípa igi gígùn, nítorí ríro kò gba agbára tí ebè gbà. Kí ó nàró ní òpin poro kọ̀ọ̀kan, kí ó pààrọ̀ ọwọ́, kí ó pààrọ̀ iṣẹ́. Kí ó pín àpò ńlá sí méjì. Bí ẹ̀yìn bá ro ó, kí ó má ṣe dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan bí èmi ti fẹ́ ṣe kí ìyá àgbà tó lé mi dìde. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri, tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, kí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó má fi òrí jáfara.

Fún àwa tí a wà ní yunifásítì, iṣẹ́ mìíràn ń bẹ. Àwọn tí ń kọ́ nípa eegun, àwọn tí ń kọ́ nípa ẹ̀rọ oko àti àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá kì í sábà jókòó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a jókòó. Orin àárò ń kú lọ pẹ̀lú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ìwọ̀n igi ọkọ́ wà ní orí àwọn alágbẹ̀dẹ tí ọmọ wọn kò fẹ́ rọ irin mọ́. Bí ẹ̀yin ará Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhó àti Kíṣí bá ní irú rẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín, ẹ kọ ọ́ sí ìwé yìí kí a lè fi wé ti Ìgànná.

Bàbá àgbà ti sùn báyìí. Ọkọ́ rẹ̀ wà ní igun ilé wa, irin rẹ̀ ti jẹ tán títí ó fi kù bí ọwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ó lò ó nàró títí di ọjọ́ tí a sin ín. Sí gbogbo àwọn tí wọ́n ṣì wà lórí ebè, mo kí yín: àroko bọ́dún dé o. Ẹ rọra, kò sí ẹni tí ó ń lé yín.